Ọkọ̀ Ìbejì Tí Bàbá Wọn Fẹ́ Rà

Fante New Town, Kumasi.
Oṣù Kẹwàá, 1958.

Bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo kí Ìyá àgbà, mo kí àwọn ìyàwó ilé àti gbogbo ọmọ. Ibà tó mú ọmọ wa Adéfọlá ti lọ. Abọ́ tí mò ń tà ní Adum náà ń yá díẹ̀díẹ̀.

Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ń ta ọkọ̀ ojú omi kékeré onígbòkun. Ó dà bí ọkọ̀ tóóró méjì tí wọ́n so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí Bàbá Ìbejì ṣe rí i báyìí, ó ní ọkọ̀ ìbejì ló yẹ àwọn ìbejì òun, pé a ó máa fi ṣeré lórí adágún Bosomtwe. Kò yẹ̀ ẹ́ wò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ọ̀dà ti nípọn, ìka mi sì wọlé bí ẹni tó ń tẹ fùfú. Igi ti jẹrà.

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, bí ọ̀kan bá gbomi, ìkejì á gbé e dúró."

Táyé ti mú apá ọ̀tún, Kẹ́hìndé mú òsì. Kò sẹ́ni tó mọ̀wẹ̀ nínú wa, bàbá wọn náà kò mọ̀ ọ́n.

Mi ò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní rà á àyàfi tí ẹ bá súre sí i. Lẹ́tà rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn tèmi.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ bá wa gbàdúrà fún ọjà, fún ìlera, fún àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má súre fún ọkọ̀ yẹn.

Èmi ìyàwó yín,
Àpínkẹ́