Wákàtí Kan Tó Sọnù Láàárín Wa àti Lomé

Ìdí-Àràbà, lápá Ṣakété,
Oṣù Karùn-ún, oṣù Màríà, 1934.

Angèle Morìnsọ́lá, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ aránṣọ ń lọ déédéé, ṣé ooru Amoutivé ní Lomé níbẹ̀ kò pọ̀ jù? Kí Màríà Ìyá wa fi aṣọ rẹ̀ bò ọ́, kí ó má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún ọ lọ́wọ́. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé ewúrẹ́ rẹ ti bímọ, akọ kan, abo kan, àwọn méjèèjì ló sì ń jẹ aṣọ bí ìyá wọn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an wúwo, nítorí náà jókòó kí o tó kà á. Ìjọba ti gba wákàtí kan lọ́wọ́ wa. A ti san owó orí o, síbẹ̀ wọ́n ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ gómìnà ní Àjàṣẹ́ pé kí gbogbo ilẹ̀ Dahomey sún aago síwájú, Fada Pierre sì fi ìka yí ọwọ́ aago ṣọ́ọ̀ṣì lójú mi báyìí, wákàtí kan lọ ráúráú. Mo bi í pé níbo ni wọ́n kó o lọ, ó ní kò lọ síbì kankan. Mo ní Fada, ohun tí ìjọba bá gbà, ibì kan ni wọ́n ń kó o sí. Bí o bá gbúròó rẹ̀ ní Lomé, jẹ́ kí n mọ̀.

Èmi tí mò ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, mo ń lù ú bí aago ṣe wí. Ṣùgbọ́n agogo àdúrà ìrọ̀lẹ́ wá ń bọ́ sí àkókò tí oòrùn ṣì ń ràn, tí àwọn obìnrin ṣì ń bó ẹ̀gẹ́, tí adìyẹ kankan kò tíì ronú àtiwọlé. Mo fara dà á títí Àrẹ̀mú onímọ́tò fi gbé lẹ́tà rẹ dé láti Lomé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí mo ṣe lu agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tán, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní aago márùn-ún ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní aago rẹ ń ṣàìsàn. Ó ní rárá, bàbá, aago Lomé ni, wọn kò yí tiwọn padà ní Togo.

Ni mo bá wọlé lọ ka lẹ́tà rẹ. O ní bí agogo Kàtídírà bá dún nírọ̀lẹ́, ibi yòówù kí o wà, o máa ń dúró, o máa ń pe "Áńgẹ́lì Olúwa kéde fún Màríà," ó sì máa ń ṣe ọ́ bíi pé o ń gbọ́ bí a ṣe ń dá ọ lóhùn. Morìnsọ́lá, ojú mi ṣomi. Mo rántí ìgbà tí eyín iwájú rẹ ti yọ, tí o máa ń dúró tì mí lábẹ́ agogo. Màá lù ú mẹ́ta, màá dúró, ìwọ á pè é tòun ti atẹ́gùn láàárín eyín, ìyá rẹ á sì bá mi dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ìdáná wa, pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, pé "Ó sì lóyún nípa agbára Ẹ̀mí Mímọ́." Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí gan-an. Àṣé láti ọjọ́ tí wọ́n ti yí aago ni mo ti ń dáhùn ohun tí o kò tíì pè!

Lọ́jọ́ kejì mo lu ti ìjọba. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo lu ti Lomé. Háà! Gbogbo abúlé tú jáde. Àwọn kan gbé omi dání, wọ́n rò pé iná ń jó. Àwọn kan ti ń sunkún kí wọ́n tó béèrè ẹni tó kú. Fada Pierre sáré dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, ọmọ mi ní Lomé ni mò ń dá lóhùn. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Fada ní Màríà kì í wo aago, kò sí ìgbà tí kì í gbọ́. Mo ní mo mọ̀, Fada, ti Màríà kọ́ ló ń dùn mí, èmi ni n kò fẹ́ kí ọmọ mi máa dá nìkan gbàdúrà. Fada wá ní bí mo bá tún fa okùn yẹn lálẹ́, òun á gbé iṣẹ́ náà fún Norbert, ẹni tí kò lè lu agogo kó má jọ pé ó ń lé ẹyẹ lóko.

Nítorí náà, ọmọ mi, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ọṣẹ àti epo àtùpà, ìyá rẹ ní kí n má gbàgbé iyọ̀. Kí o sì bá mi ra aago kékeré kan. Lomé ni kí o ti rà á o, torí aago ibí kò mọ̀ ju àkókò ibí lọ. Yan èyí tó ti pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Fi aṣọ wé e, kí Àrẹ̀mú gbé e sábẹ́ ìjókòó, kí àwọn aṣọ́bodè má bàa gba wákàtí kan lára òun náà.

Kí ó tó dé, ohun tí mò ń ṣe rèé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí adìyẹ ti wọlé, mo máa ń lọ sídìí agogo. Mo máa ń di okùn náà mú, n kì í fà á. Ìyá rẹ náà máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ìdáná pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, ó ní òun kàn ń gba atẹ́gùn ni.

Kí Ìyá wa Màríà pa ọ́ mọ́, kí o jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kí a fojú kan ara wa láyọ̀. Má kánjú, ọmọ mi. Pè é sókè. A ó dáhùn.

Bàbá rẹ,
Òjé alágogo.