Èmi Ni Mo Ṣe Eré Ilé Èrò Tí Wọ́n Tìtorí Rẹ̀ Dá Abdulhaleem Dúró

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ẹ̀yìn Ilé Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Àdúgbò Fate,
Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 1997.

Akọ̀wé Àgbà,
Àjọ Irúgbìn àti Àká Oúnjẹ,
Challenge,
Ìlọrin.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌJẸ́WỌ́, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ FAGI LÉ Ẹ̀SÙN TÍ Ẹ FI KAN Ọ̀GBẸ́NI ABDULHALEEM SALAHUDEEN

1. Èmi ni. Díísìkì tí ẹ tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin yín láti oṣù tó kọjá, èmi ni mo fi í sẹ́nu kọ̀ǹpútà yàrá àkọsílẹ̀, èmi náà ni mo sì ń ṣe eré tó wà nínú rẹ̀. Abdulhaleem Salahudeen, olórí yàrá náà, tí ẹ ní kó lọ jókòó sílé, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́.

2. Orúkọ mi ni Ìyábọ̀dé Ọláolúwa, ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń tẹ̀wé lábẹ́ àjọ yìí. Ilé ìwé gírámà ni mo kà mọ, nítorí náà bí ètò lẹ́tà yìí kò bá tọ́, ẹ forí jì mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́ tí mo sì ti ya á. Nínú àkọ́kọ́ mo kọ ọ́ pé "ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlòmíràn". Nínú ìkejì mo di ẹ̀bi ru ẹni tó wá to kọ̀ǹpútà fún wa. Ìkẹta kò ju ẹkún lọ. Èyí ni mi ò ní ya.

3. Ní oṣù Keje, mò ń wá díísìkì òfìfo tí màá fi ṣe ẹ̀dà orúkọ àwọn àgbẹ̀ Òkè-Oyì. Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì kọ̀ǹpútà ni mo ti rí mẹ́ta tí wọ́n fi rọ́bà dè pọ̀. Ẹni tó to ẹ̀rọ náà ló gbàgbé wọn síbẹ̀. Mo ti àkọ́kọ́ bọ ẹ̀rọ lẹ́nu láti wò ó bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Ilé kan ló yọ, láàárín igbó, fìtílà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà nísàlẹ̀ pé ìyá tó ni ilé èrò yìí ti kú, ìwọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kù tí yóò máa gba àlejò.

4. Ó yẹ kí n ti yọ ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìyá tèmi náà gba èrò. Lẹ́yìn gáréèjì Ọ̀mù-Àrán ni ilé rẹ̀ wà, yàrá mẹ́rin, àwọn tó ń ra obì lọ sí Òkè Ọya ló máa ń sùn níbẹ̀. Ó rán mi nílé ìwé kí n má baà fi ìgbálẹ̀ àti ẹní àlejò lo ayé mi. Nígbà tó kú, kò sẹ́ni tó dúró ti ilé náà, ó sì wó. Mi ò sọ eléyìí kí ẹ lè káàánú mi. Ohun tó mú mi jókòó ni mò ń sọ.

Bí eré náà ṣe rí nìyí. Àwòrán àlejò á yọ, á sọ̀rọ̀, ìwọ á sì fi nọ́ńbà yan èsì tí wàá fọ̀. Àwọn àlejò náà kì í ṣe ènìyàn bí tiwa. Ọ̀kan ní ìwo àgbò lórí. Obìnrin kan ní ìrù kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Bàbá arúgbó kan jẹ́ òkúta láti ọrùn dé ẹsẹ̀, orí eérú ló sì ń sùn. O gbọ́dọ̀ mọ yàrá tó bá kálukú mu, o gbọ́dọ̀ rántí ohun tí olúkúlùkù ń jẹ. Bí o bá kí i dáadáa, á padà wá. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, Ọ̀gá. Ilé èrò mi kún. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún mi pé mo mọ nǹkan kan ṣe bí àwọn àlejò inú ẹ̀rọ yẹn ṣe ń sọ ọ́.

5. Mo fẹ́ fo ìpínrọ̀ yìí. Bí mo bá fò ó, irọ́ ni ìyókù. Eré àgbàlagbà ni. Bí àlejò kan bá ti finú tán olùgbàlejò, ilẹ̀kùn yàrá á tì, àwòrán ìhòòhò á sì yọ. Ọ̀nà wà tí ènìyàn lè gbà fò ó; bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo jẹ́ abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta, mo jẹ́ igbákejì alága ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mi ò sì tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin oníwo yẹn máa ń dúpẹ́ oúnjẹ kó tó jẹun, òun ni mo sì máa ń retí. Olúwọlé, ọkọ mi, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mi ò mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

6. Ẹ̀yin náà mọ àṣà ilé iṣẹ́ wa. Bí aago kan ọ̀sán bá ti lù lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn Mùsùlùmí á lọ kírun, àwa Kìrìsìtẹ́nì á sì bá wọn ṣọ́ yàrá. Bí ọdún Àjíǹde tàbí Kérésìmesì bá dé, àwọn náà á ṣọ́ tiwa. Kò sí nínú ìwé òfin kankan, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ju òfin lọ. Èmi ni Abdulhaleem máa ń fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá àkọsílẹ̀. Á ní, "Ìyá Ìbùkún, ẹ bá mi mójú tó o, Ọlọ́run á bá yín mójú tó tiyín." Á bọ́ bàtà, á wọ sálúbàtà, á lọ. Kó tó dé ẹnu géètì, mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi.

Ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá tan ẹ̀rọ láàárọ̀ ló ń buwọ́ lù ú, orúkọ ẹni yẹn ló sì ń dúró fún ọjọ́ náà títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni yòówù kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ láàárín. Abdulhaleem ló ń tètè dé. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Tèmi kò sí níbẹ̀ rí.

7. Ní Jímọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá, iná lọ bí mo ṣe ń ṣe eré náà lọ́wọ́. Mo gbọ́ ohùn àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́sálásí, mo da aṣọ bo ẹ̀rọ, mo jáde. Mo gbàgbé díísìkì sẹ́nu rẹ̀. Iná kò dé títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ tí àwọn àlejò láti ilé iṣẹ́ ìjọba àti àwọn olórí àgbẹ̀ wá wo ètò àkọsílẹ̀ wa. Ẹ̀rọ yẹn a sì máa kọ́kọ́ ka díísìkì tó bá bá lẹ́nu ara rẹ̀. Abdulhaleem ní "Bísímílà", ó tàn án níwájú gbogbo wọn. Ilé èrò náà yọ. Kò mọ ohun tí ó jẹ́, ó tẹ bọ́tìnnì kan láti pa á. Obìnrin onírù kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yọ, aṣọ rẹ̀ ti bọ́ dé ìbàdí. Ó tún tẹ òmíràn, àwòrán mìíràn tún jáde. Bó ṣe ń wá ọ̀nà àtipa á ló ń ṣí i síwájú, òógùn bo ojú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ eré náà mọ bọ́tìnnì tí a fi ń pa á. Mo mọ̀ ọ́n. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò mira.

8. Lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù náà, ìgbìmọ̀ ìwádìí ẹlẹ́ni mẹ́ta jókòó. Èmi ni ẹ ní kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Alága kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Àáfà, ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ti ní hòtẹ́ẹ̀lì." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó wá bi í bóyá ẹlòmíràn máa ń wọ yàrá náà. Abdulhaleem kò wo ojú mi. Bíròó ọwọ́ mi ló ń wò. Ó ní, "Ẹni tí mo fún ní kọ́kọ́rọ́, àmánà ni mo fún un. Ẹnu tèmi kọ́ ni ẹ ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀." Alága ní ìyẹn kì í ṣe èsì. Ó ní kí n kọ ọ́ pé kò fèsì. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè rí i lójú ewé kejì. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù títí di òní.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n ka ìwé tí a tẹ̀ jáde láti inú díísìkì náà sí wọn létí. Ìlà mọ́kànlá ni, ibi mọ́kànlá tí ẹni tó ń ṣe eré ti ní kí ẹ̀rọ bá òun tọ́jú ibi tí òun dé. Ọjọ́ àti aago wà lójú ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo ka ọjọ́. Mi ò ka aago. Alága fi ọjọ́ wọ̀nyẹn wé ìwé ìbuwọ́lù, ó rí orúkọ Abdulhaleem lọ́jọ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ó sì pa ìwé dé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ní kí n dúró sí ipò rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó ń fún mi lọ́jọ́ Jímọ̀ wá di tèmi láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì.

9. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yín, ẹ wo ìwé tí a tẹ̀ jáde láti inú díísìkì náà fúnra yín. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ dé ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá, Jímọ̀ ni gbogbo ọjọ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Kò sí èyí tó ṣáájú aago kan, kò sí èyí tó kọjá aago méjì ààbọ̀. Aago ẹ̀rọ náà kì í ṣìnà, Abdulhaleem fúnra rẹ̀ ló ń tún un ṣe. Ní wákàtí yẹn, mọ́sálásí ló wà. Méjì nínú àwọn mẹ́ta tó jókòó dá a lẹ́jọ́ wà lórí sàfù ìrun kan náà pẹ̀lú rẹ̀, tí èjìká ń kan èjìká. Wọn kò rántí, nítorí pé mi ò jẹ́ kí wọ́n rántí.

Mo sì ní ẹ̀sùn tèmi sí ìgbìmọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ bóyá ẹnu mi gbà á. Ọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n pè, wọn kò bi obìnrin kankan ní nǹkan kan. Wọ́n ti gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ti ọwọ́ obìnrin jáde. Mo sá sábẹ́ èrò wọn yẹn bí ẹni sá sábẹ́ igi nígbà tí òjò ń rọ̀, mo sì fi ẹlòmíràn sílẹ̀ nínú òjò.

10. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Hajarat, ìyàwó Abdulhaleem, wá bá mi nílé. Mo rò pé ó wá bú mi ni. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbùkún, ẹ̀yin lẹ mọ ìwé kọ níbẹ̀. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n." Ó ní ọkọ òun kì í ṣíwájú ìrun mọ́ ní agbo ilé wọn ní Pàkátà, kì í ṣe pé wọ́n lé e, òun fúnra rẹ̀ ló ń dúró sẹ́yìn. Àwọn òbí ti ń kó ọmọ wọn kúrò ní ilé kéwú rẹ̀. Ìdílé tó fẹ́ fẹ́ Ummu-Kulthum, ọmọ wọn, ti ní kí wọ́n dá yìgì dúró títí wọn yóò fi gbọ́ ibi tí ìjókòó ìdájọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe lórí rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yìí bá parí sí. Bí ẹ bá lé e níṣẹ́, wọn kò ní padà wá.

Mo bi í pé kí ni ọkọ rẹ̀ sọ nípa ẹni tó ṣe é. Ó ní, "Wọ́n ní ẹni náà ń bọ̀. Wọ́n ní kí á fún un láyè." Mo bu omi fún un. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń mu ún.

11. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí ìjókòó Ọjọ́bọ̀ wáyé lórí Abdulhaleem. Orí mi ni kó ti wáyé. Ẹ dá a padà sí ipò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sétí gbogbo òṣìṣẹ́, bí wọ́n ṣe ka ẹ̀sùn rẹ̀ sétí gbogbo òṣìṣẹ́, kí ẹ sì kọ̀wé sí àwọn olórí àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá rò pé ìpínrọ̀ karùn-ún kò yẹ létí gbogbo ènìyàn, ẹ fò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fo orúkọ mi. Ìyà tó bá tọ́ sí mi, mi ò ní bẹ̀bẹ̀ lé e lórí. Mo ti fi lẹ́tà yìí han ọkọ mi. Ó kà á dé ìpínrọ̀ karùn-ún, ó dá a padà fún mi, ó ní kí n tètè fà á lé yín lọ́wọ́ kí òun tó ka ìyókù.

12. Lọ́la, mi ò ní rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, màá ti wà ní Pàkátà. Hajarat ni n ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, torí òun ló kúnlẹ̀ fún mi, èmi náà á sì kúnlẹ̀ fún un lójú ọkọ rẹ̀. Láti ibẹ̀, màá gba Challenge, màá gbé lẹ́tà yìí, díísìkì méjì tó kù, àti kọ́kọ́rọ́ yàrá àkọsílẹ̀ sórí tábìlì yín, màá sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta títí ẹ ó fi pè mí wọlé.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìhín.

Èmi ni tiyín, tí ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀,

Ìyábọ̀dé Ọláolúwa (Ìyáàfin),
Akọ̀wé Atẹ̀wé, Adelé Olórí Yàrá Àkọsílẹ̀.