Ẹ̀wà Tí Mo Fi Ṣe Èènì

                                        Kotobabi,
                                        Accra, Gánà.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà, 2019.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Sàúdátù,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé o ti ń lè tẹ̀ ẹ́ kírun? Àwọn ará Ṣakí ńkọ́, òjò ńkọ́? Ara mi le níhìn-ín, ọjà sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Olúkúnlé, tíṣà tó ń gbé yàrá kejì sí wa, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. N kò jẹ́ kí Fàdílátù, ọmọ ọmọ mi, kọ ọ́, kí o má baà sọ pé ó fi tirẹ̀ kún un.

Mo gbọ́ pé Àtàndá, ọmọ ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi, fóònù sí ọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ba eré òun jẹ́ kí Fàdílátù lè lọ sí ìdíje káàdì ní Lomé lóṣù tó ń bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wọn fẹ́ rán, ẹni tó bá sì borí nínú àwọn méjèèjì ni. O sì gbà á gbọ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Gbọ́ tèmi.

Káàdì yìí kì í ṣe wọ́ọ̀tì tí a mọ̀. Ẹranko ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì ń bára wọn jà. Ẹ̀wà funfun kan lórí ẹranko, ọgbẹ́ kan nìyẹn. Ẹ̀wà pupa, wọ́n ti de ẹranko náà, kò gbọdọ̀ jà àfi bí wọ́n bá tú u. Káàdì tó dè é lè ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́, òfin rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Orí wọn kò lè gbé gbogbo rẹ̀, ni wọ́n ṣe ń bu ẹ̀wà mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, orí tábìlì ọjà mi ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n dìde lọ kírun Alásàárì. Oníbàárà kan wá ra ẹ̀wà, ó ní àfi kí n ṣe èènì, ọpọ́n mi sì ti gbẹ. Mo gbá ti orí tábìlì jọ, funfun àti pupa, mo dà á sí ọ̀rá rẹ̀. Ó wọ tirotiro, ọkọ̀ èrò ìhín, ó di àdúgbò Darkuman.

Nígbà tí wọ́n dé, igbe ta. Àtàndá ní, "Màmá, ẹ ti ta ogun wa!"

Mo ní, "N kò tà á. Èènì ni mo fi ṣe."

Fàdílátù ní ọgbẹ́ mẹ́rin ló wà lára kìnnìún Àtàndá. Àtàndá ní méjì ni. Wọn kò tiẹ̀ fẹnu kò lórí ẹni tó kàn. Fàdílátù ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àtàndá kọ̀, ó ní òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ.

"Jẹ kí ni?" ni Fàdílátù wí. "Ẹ̀wà?"

Èmi kò mọ káàdì. Ṣùgbọ́n bí obìnrin méjì bá ń jà ní ìsọ̀ wa lórí ẹrù tí wọ́n pawọ́ pọ̀ rà, a kì í ní kí ẹnikẹ́ni ka tirẹ̀. Ti ẹnìkejì ni yóò kà. Mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Fàdílátù ka ti Àtàndá tán. Ó kan Àtàndá.

Ó ní, "O ní ẹtu kan, ọgbẹ́ kan ló wà lára rẹ̀. O ti lo káàdì okùn, èyí tí o fi de kìnnìún mi..."

Ibẹ̀ ló ti dá gbólóhùn náà dúró, ó wo kìnnìún náà. Fàdílátù tó de kìnnìún náà gan-an ti gbàgbé. Kò dárúkọ ìdè kankan nígbà tó ń kà. Àtàndá ìbá gbé e mì, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ó ní, "Kò sì tíì tú." Kìnnìún yẹn nìkan ló gbójú lé. Ló bá kó káàdì rẹ̀ nílẹ̀.

Nítorí náà, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló gbé Lomé fún Fàdílátù. Inú ń bí i, kò tíì bá mi jẹun láti ọjọ́ náà. Ebi yóò bá a sọ̀rọ̀. Bó bá tún fóònù, má bá a kẹ́dùn. Kí i. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò lè parí gbólóhùn yẹn.

Bá mi kí ọkọ rẹ, Láwàlì, àti gbogbo ilé. Fàdílátù ní kí n kí ọ.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó tẹ àtàǹpàkò sísàlẹ̀ yìí,
                                        Wòsílátù.