Awò Tí Mo Yàn fún Ìbọn Rohan

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ

Àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Onírùpupa ti dé. Ọmọ àgùntàn mẹ́rin lónìí ní pápá òkè. Ahọ́n nìkan ni wọ́n jẹ lára méjì. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kì í jẹ ẹ́ tán, ó kàn ń bà á jẹ́ ni. Nínú ọ̀dá ìgbà òtútù yìí, n kò ní ọ̀kan tí mo lè fi tọrẹ.

Rohan tún jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀. Tíì tutù sí i lọ́wọ́. Oṣù Karùn-ún ni Tegan ìyàwó rẹ̀ kó jáde, tí òun náà sì padà sọ́dọ̀ mi — ọmọ ọgbọ̀n ọdún, nínú yàrá tó ń sùn sí nígbà tó wà nílé ìwé. Kì í sọ̀rọ̀. Oúnjẹ, díẹ̀díẹ̀.

Mo ronú títí. Ó yẹ kí n wá ohun tí yóò máa gbé e jáde nílé láàárọ̀. Ìbọn bàbá rẹ̀ tó ti kú ṣì wà nínú àpótí irin. Ìbọn náà dára. Awò orí rẹ̀, tí a fi ń wo ohun tí a fẹ́ yìn, ni kùrukùru ti bò nínú. Bí mo bá ra awò tuntun sí i —

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Èmi àti Rohan lọ sí ìlú Cooma, ṣọ́ọ̀bù ìbọn Onímú. (Zoran ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí imú yẹn tí yóò pè é ní Zoran?) Ó gbé awò ńlá kan jáde, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bíi ti garawa. Ó ní ìlọ́po mẹ́rìnlélógún ló fi ń fa nǹkan súnmọ́ ojú. Mo ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni mo fẹ́ pa, n kò fẹ́ ka ìwé ìròyìn lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó ní òun kò mọ bí ọkọ mi ṣe bá mi gbé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo ní ìbọn ti di í létí ni.

Awò ẹlẹ́nu ńlá ń fẹ́ òrùka gíga tí yóò dì í mú, òrùka gíga sì ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni kúrò lára igi ìbọn. Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò bá sinmi, ọta rẹ̀ kò lè sinmi. Mo mú èyí tó mọ níwọ̀n, ìlọ́po mẹ́rin sí méjìlá, pẹ̀lú òrùka irin kúkúrú tí kò ní yẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń fò lórí òkúta wa.

Onímú ní kí Rohan gbé ìbọn lé èjìká, kó di ojú, kó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, kó wá la ojú. Ó fa awò náà sẹ́yìn, ó tún fà á, títí Rohan fi ní òun ti rí àyíká rẹ̀ pé. Ọrùn gígùn bàbá rẹ̀ ló gbé wáyé. Ó gbé ìbọn náà sílẹ̀ kíá, bí ẹni gbé ìkòkò gbígbóná. Ojú ló ń tì í.

Kọ́kọ́rọ́ àpótí irin náà, ọ̀kan ṣoṣo tó wà, mo fún un nínú ọkọ̀. Ó ní ẹ ṣé, Màmá. Kò wojú mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà

Mo gbé pátákó sí ọgọ́rùn-ún mítà. Rohan ní èjìká ń dun òun, kí n bá òun yìn ín. Ọta mẹ́ta, ìka méjì bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Awò rere. Mo yíjú sí i bóyá inú rẹ̀ dùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ — fún mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Òkú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ méjì ti ń rọ̀ lórí wáyà ọgbà kí n tó gbé omi kaná. Ọlọ́run, mo dúpẹ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kẹta. Mo ní kí Rohan ròyìn bó ṣe rí. Ó ní ìbọn dún, ó ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá rẹ̀ ṣe ń ròyìn.

Bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbẹ, bẹ́ẹ̀ yìnyín funfun bo gbogbo koríko. Bóyá òmíràn ló wọ̀.

Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Merryn, ẹ̀gbọ́n Rohan obìnrin, kò wá jẹun ọ̀sán. Ilé kékeré tó wà lẹ́bàá odò ló ń gbé, kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní ọ̀fìnkìn ni. Èyí náà tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ méjì, ọkàn kan ṣoṣo ni mo ní.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo gbé ọbẹ̀ lọ fún Merryn. Ó dé fìlà onírun wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, nínú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Mo ṣí i bí ẹni ṣí fìlà ọmọdé. Àpá kan wà lókè ojú ọ̀tún, ó tẹ̀ bí oṣù tuntun, ó ṣì pọ́n.

Kò sí ẹni tó ti yìnbọn rí nílẹ̀ yìí tí kò mọ àpá yẹn. Ìbọn ta padà, etí awò gé e. Nítorí ọrùn gígùn Rohan ni a ṣe fa awò náà sẹ́yìn. Merryn kúrú, síwájú ló máa ń nà kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó balẹ̀, ojú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan awò.

Mo bínú. Mo ní ṣé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, kí èyí máa pa ẹran, kí tọ̀hún máa gba oríyìn. Mo pe Rohan ní ọ̀lẹ. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà sẹ́ ẹ lọ́la.

Merryn jẹ́ kí n sọ tèmi tán.

"Màmá, ọjọ́ tí ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an ló gbé e wá fún mi. Ó ní kí n má dá a padà fún òun, bí òun tilẹ̀ wá bẹ̀ mí. Látìgbà náà, èmi ni mo ń wá ṣí àpótí, títí kan ọjọ́ tí ẹ dán awò wò. Ó ní òun kò fọkàn tán ara òun pẹ̀lú ìbọn."

Mo bi í pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún mi.

"Inú yín dùn jù sí awò yẹn."

N kò rántí bí mo ṣe rìn délé.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Èmi ni mo rà á fún un. Èmi.

— Mo pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ tí dókítà lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Obìnrin kan gbé e. Ó ní kí n pe ọ̀rọ̀ náà lórúkọ tó ń jẹ́, pé bíbéèrè kì í gbìn ín sí ènìyàn lọ́kàn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Èmi àti Merryn gbé ìbọn lọ bá Onímú, tawò tọta. Ó wò mí. Ó tì í mọ́ inú yàrá irin rẹ̀, ó ní, "Ìyá Rohan, bó lo ogún ọdún níbí, kò ní béèrè oúnjẹ."

Rohan ń tún géètì ṣe nígbà tí mo dé. Mo bá a di òpó mú.

"Rohan, ṣé ò ń rò ó láti pa ara rẹ?"

Ó kan ìṣó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wọlé tán.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Kì í ṣe lójoojúmọ́."

Mo ní mo gbọ́. Mo ní ìbọn ti kúrò nílé. Mo ní a ó lọ rí dókítà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni n ó wakọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ èmi ni n ó wakọ̀, ká yáa gbéra lónìí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìrẹ́run àgùntàn, mo sunkún.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Dókítà, odidi wákàtí kan. Wọ́n ní kí n dúró síta. Mo dúró síta.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Òkú ọmọ àgùntàn mẹ́ta ní pápá òkè láàárọ̀ yìí. Onírùpupa kan wà níbẹ̀, ó ń rìn bí onílẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́, ó dúró wò mí, ó tún ń bá tirẹ̀ lọ. Merryn pè mí lórí fóònù, ó ní ẹnì kan lè yá wa ní ìbọn. Mo ní rárá.

Aago mẹ́jọ ti kọjá. Mo yọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn Rohan. Ó ń hanrun. Kò sùn dé àkókò yìí rí látìgbà tó ti padà wálé. Mo kó òkú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn ọkọ̀, mo rọra pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ariwo rẹ̀ má baà jí i.