Dúró-Ná, Àbúrò Wa Tí Kò Gbé Iná Wálé

Lọ́dún 1958, nínú yàrá méjì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù bàbá wa, ni wọ́n bí olóògbé, àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́ta. Bàbá wa ń tún aago ṣe, ìyá wa ń ránṣọ. Bàbá kì í dá aago padà fún ẹni tó ni ín àfi tí wọ́n bá ti wò ó lọ́sẹ̀ kan gbáko pé kò sáré, kò sì fà sẹ́yìn. Àwọn oníbàárà a sì máa bú wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìwà yìí ni olóògbé jogún. "Ẹ dúró ná" wà lára ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sọ, bẹ́ẹ̀ ni Dúró-Ná ṣe di àlàjẹ́ rẹ̀. Àwa tí a jọ dàgbà nínú ilé kan náà, ojú wa rí màbo.

Ó kàwé. Gbogbo yín lẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, a ò ní í to oyè rẹ̀ síbí. Lọ́dún 1984 ó ṣègbéyàwó pẹ̀lú olùkọ́ ìṣirò kan, onísùúrù èèyàn, Ọlọ́run mọ ẹni tó fi jìn ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí àlejò ti jókòó, tí ọkọ ìyàwó ti ń làágùn, ìyàwó ṣì wà níbi iṣẹ́, ó ń fún sẹ́ẹ̀lì lóúnjẹ.

Iṣẹ́ ọ̀hún nìyí, kí ẹ má baà tún bi wá léèrè. Ó ń sin sẹ́ẹ̀lì ọkàn, àwọn ẹyọ tíntìntín tí Ọlọ́run fi mọ ọkàn wa, nínú àwo pẹlẹbẹ. Wọ́n á máa lù kì-kì níbẹ̀ bí ẹni pé àyà ènìyàn ni wọ́n wà. Ó ń wá ohun tí kò ní í jẹ́ kí wọ́n kú nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wọ́n wọn, bó ṣe máa ń rí nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dí lójú ọ̀nà. Pílásímà tútù ló fi ń dán an wò, èyí tí àdúgbò sọ di "iná tútù": afẹ́fẹ́ tí iná mànàmáná gbà kọjá, tó ń tàn elésè àlùkò lẹ́nu ohun èlò kan tó rí bíi kálàmù, tí kì í sì í jóni lọ́wọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pípa ni iná náà ń pa wọ́n.

Lọ́dún 2003, ìpàdé ẹbí dúró dè é títí. Ìyá wa wọ bàtà, wọ́n lọ bá a níbi iṣẹ́.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

"Mi ò dúró! Ṣé iná yẹn ló bí ọ ni?"

Wọ́n fà á lápá jáde. Ó ráyè pa iná náà, ṣùgbọ́n kò tíì tàn pẹ́ tó bó ṣe máa ń tàn. Nígbà tó padà dé, tó wá fi afẹ́fẹ́ dù wọ́n, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ò kú mọ́. Wọ́n ń lù. Ìnira díẹ̀ ti kọ́ wọn bí a ṣe ń fara da èyí tó pọ̀; àpọ̀jù ló ti ń pa wọ́n látẹ̀yìn wá. Màámi sọ fún gbogbo ẹni tó létí pé àwọn làwọn rí i.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọkàn Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í dáṣẹ́ sílẹ̀. Àtẹ̀gùn ilé di òkè fún wọn. A ní kí olóògbé gbé iná náà wálé, ó yarí. Ó ní inú àwo ló ti ṣiṣẹ́, àti lára eku díẹ̀; pé kò tíì sí ẹni tó mọ bó ṣe máa dé ọkàn èèyàn láìpa á. Màámi wò ó títí, wọ́n ní, "Èmi tí mo bá ọ rí i, èmi ni o ò fẹ́ fi wò?" Ó sunkún. Ó ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ń sùn nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, ṣùgbọ́n kò gbé iná wá. Màámi kú. Àkọ́bí wa, ẹ̀gbọ́n wa àgbà, ní òdájú ni olóògbé, pé ó ń tọ́jú ìwòsàn pamọ́ fún àlejò. Láti ọjọ́ ìsìnkú náà, àkọ́bí wa ò dé ẹnu ọ̀nà olóògbé mọ́.

Ní ti ìgbàgbọ́, kì í pa ìsìn jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí alàgbà gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tú iná ìwòsàn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé, òun nìkan ni kò ṣe àmín. Ní ti àdúgbò, ọkùnrin kan gbé tọ́ọ̀ṣì elésè àlùkò wá, ó ní iná tútù ni, ó ń tàn án sáyà àwọn arúgbó, ó ń gbowó. Olóògbé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú bátìrì rẹ̀ jáde lójú gbogbo èèyàn, ó kó o sápò, ó sì lọ sílé. Àwọn kan ṣì ń bínú sí i.

Lọ́dún tó kọjá, ọkàn tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáṣẹ́ sílẹ̀. Àkọ́bí wa wá sílé ìwòsàn, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí iná náà. Obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní òun lè lọ gbé e wá kíákíá. Olóògbé mi orí. "Ohun tí mi ò fi wo ìyá mi, ṣé ara mi ni n ó wá fi wò? Ẹ dúró ná. A ò tíì mọ̀ ọ́n." Àkọ́bí wa bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, ó kúnlẹ̀, àní òun àgbà. Kò gbọ́ tẹnìkan. Inú bí wa. Inú ṣì ń bí wa.

Ó fi ọkọ, ọmọ méjì, ọmọ-ọmọ mẹ́rin àti ẹ̀gbọ́n méjì sílẹ̀ sáyé lọ, àti àwo sẹ́ẹ̀lì tí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń fún lóúnjẹ láàárọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi tíì rí i láàárín wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń kanlẹ̀kùn pé ká yá yín ní iná, kò sí nílé. Kò fìgbà kan wà nílé.

Nígbà tó ń lọ, àkọ́bí wa di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sọ pé, "Àbúrò mi, dúró ná, dúró ná." Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ dá wa dúró ni kò dúró.

Sùn re o, Dúró-Ná. Bí o bá bá Màámi pàdé, sọ fún wọn pé ìwọ náà ò lò ó.