Ìtàn Tí Mo Yọ Ara Mi Kúrò Nínú Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àtijọ́ o. Mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara ìyá wa ti mókun. Wọ́n ti tún ń bú mi pé mò ń ránṣọ gbágungbàgun.

Ẹ mọ̀ pé ìtàn bíńtín ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi lọ́gbọ́n. Lánàá, mo sọ ti ọkùnrin tí kò wálé nígbà tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. "Ta ló jẹ̀bi?" Wọ́n pariwo: "Ọmọ burúkú!" Ọmọbìnrin yín tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló wá ní, "Àǹtí, ṣé bàbá mi nìyẹn?"

Èmi tí mo ní kẹ́ ẹ má wá, n kò fi ara mi sínú ìtàn. Kí lẹ́tà yìí tó dé, màá ti parí rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Bí ọmọ náà bá ṣì ń fapá jánú sí yín lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ bá mi gbàdúrà kí ọmọ náà má kórìíra mi.

Àbúrò yín.