Bàbá Joel Dúrósinmí Ọláṣùpọ̀ (1961–2025), Ẹni Tó Fi Ẹ̀rù Tún Alùpùpù Orí Yìnyín Ṣe

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 1961, ní Odòde, Ìdànrè, ni a bí olóògbé, Joel Dúrósinmí, sínú ìdílé Ọláṣùpọ̀. Àgbẹ̀ oníkòòkó ni bàbá rẹ̀, Olóògbé Sámúẹ́lì Ọláṣùpọ̀. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, Olóògbé Comfort Ọláṣùpọ̀. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá yìí ti bí ṣáájú, tí kò sí èyí tó dúró nínú wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ẹ̀kẹrin ní Dúrósinmí. Ìyá tí ilẹ̀ ti gba ọmọ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ kì í fi ẹ̀kẹrin ṣeré. Kò jẹ́ kó gun àpáta tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gùn, kò jẹ́ kó luwẹ̀ẹ́ nínú odò, bí ó bá sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ilé á dìde. Inú ẹ̀rù ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. A kò ní dúró níwájú pósí rẹ̀ kí a máa pè é ní akíkanjú. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ohun tí ó fi ẹ̀rù náà ṣe.

Ó parí ilé-ìwé girama ní ọdún 1979, ó sì lo ọdún mẹ́rin ní Àkúrẹ́ lẹ́nu kíkọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì alùpùpù. Ní ọdún 1991 ó dé Berlin. Abọ́ ló kọ́kọ́ ń fọ̀ nílé oúnjẹ kan ní àdúgbò Wedding, ọdún mẹ́ta ló sì fi ń tò síwájú Ausländerbehörde, ọ́fíìsì ìjọba fún àwọn àjèjì, kí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ ìwé ìgbélùú. Lẹ́yìn náà ló tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1996, ó gbé Ayọ̀níkẹ́, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, níyàwó. Tìmílẹ́yìn ni àkọ́bí wọn, Akínpẹ̀lúmi tẹ̀lé e, Ìníolúwa sì ni àbíkẹ́yìn. Ọdún 2007 ni wọ́n kó wá sí Jenfeld ní Hamburg níbí, nígbà tí olóògbé rí iṣẹ́ sí Werkstatt Lena ní Rothenburgsort, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì alùpùpù àti ti ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ní ọdún 2011, ìyá rẹ̀ sùn ní Ìdànrè. Ó wọ bàálù lọ, ó sì sin ín bí orúkọ rẹ̀ ti wí.

Ọmọ ìjọ Àdúrà Ìmọ́lẹ̀ Ìtura ní Altona ni, wọ́n sì fi joyè alàgbà ní ọdún 2014. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ìjọ máa ń gun òkè Harz lọ ní oṣù Kìn-ín-ní, láti fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀ nílé àdúrà tí Lukas ń bójú tó. Bí yìnyín bá ti dí ojú ọ̀nà, alùpùpù orí yìnyín, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní Motorschlitten, ló máa ń gbé àwọn àgbàlagbà gòkè. Igi pẹlẹbẹ méjì ló fi ń yọ̀ níwájú, bẹ́líìtì rọ́bà ńlá ló sì ń tì í láti ẹ̀yìn. A máa ń so ọmọlanke tí kò ní táyà mọ́ ọn. Ọdún 1994 ni wọ́n ṣe é. Olóògbé ló ń wà á, òun náà ló ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, ó gbé Ìyá Roseline, olórí àwọn ìyá ìjọ, sínú ọmọlanke náà. Wọ́n dé agbedeméjì òkè, láàárín igi, ni ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì tó sì kú pátápátá. Ó fa okùn rẹ̀, kò jí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, yìnyín ń rọ̀ bí ẹni ń da ìyẹ̀fun sílẹ̀, fóònù kò sì rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Níbi tó ti dojú kọ ẹ́ńjìnnì, kò mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ Ìyá Roseline kan ti fò lọ. Wákàtí méjì ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Nígbà tí Lukas àti àwọn ọkùnrin ìjọ fi ẹsẹ̀ wá wọn dé ọ̀dọ̀ wọn, ìka méjì lọ́wọ́ òsì màmá ti funfun bí ẹfun. Àwọn dókítà gé orí ìka méjèèjì.

Àwọn kan ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Àwọn mìíràn ní ogbó ló pa ẹ̀rọ náà. Lukas fi tapólì bo ẹ̀rọ náà sẹ́yìn ilé àdúrà, Bàbá kò sì padà lọ wo ohun tó ṣe é. Ó ta alùpùpù tirẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú lójijì ní Werkstatt, á di àyà mú. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ọ̀fọ̀ ìka Ìyá Roseline ló ń ṣe é. Kò mọ̀ pé ìbéèrè kan wà tí ọkọ òun ń sá fún.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Lukas pè é lórí fóònù. Ayọ̀níkẹ́ wà nítòsí.

"Joel, òtútù ń bọ̀. Ẹnì kan lábúlé níbí ní òun lè tan ẹ̀rọ orí yìnyín yẹn bó ṣe wà. Tí o ò bá fẹ́, òun ni mo máa gbé e fún."

Bàbá fi ojú inú rí ẹlòmíràn, ó rí i lórí òkè yẹn nínú afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì sì ti dákẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án," ó wí. "Gbé e wá fún mi."

Lukas fi ọkọ̀ wọ́ ọ wá sí Rothenburgsort. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni olóògbé fi ń yí i po láìká tapólì kúrò lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó tú asẹ́ epo, ohun kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Omi pupa ló tú jáde, pẹ̀lú ìpẹtà. Gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 2022, iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn; kò da epo àtijọ́ tó kù nínú táńkì nù, kò sì pààrọ̀ asẹ́. Omi ti wọ inú epo náà, ó sì dì sínú ọ̀nà epo lórí òkè.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lena, ọ̀gá Werkstatt, sá wá bá a.

"Ṣé kò sí nǹkan, Joel?"

"Èmi ni, Lena," ó wí. "Èmi ni mo gé ìka rẹ̀."

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, òun àti Ayọ̀níkẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin S-Bahn lọ sílé Ìyá Roseline ní Altona. Ayọ̀níkẹ́ sọ pé ní gbogbo ọ̀nà, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ bíi pé oòrùn ń pa á. Ìyá gbé tíì kalẹ̀. Bàbá kò lè mu ún. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì wí tẹnu rẹ̀: epo àtijọ́, asẹ́, omi, ìkánjú.

Nígbà tí Ìyá Roseline máa fọhùn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ọdún kan àti oṣù mẹ́sàn-án," ó wí, "ni mo fi rò pé Ọlọ́run ló ń bá mi wí. Mo wá gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ti dá láti kékeré. Mo gbààwẹ̀ lé e lórí. Ìwọ sì ń wá síbí wá jẹ oúnjẹ mi, Joel?"

"Ìyá, mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ ni."

"O ò mọ̀?"

"Ẹ̀rù ló bà mí láti ṣí i wò. Mo fura. Mo kàn ń sá."

"Dìde."

Ó dìde.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ o," Ìyá wí. "Mi ò ní parọ́ fún ọ. Lọ tún un ṣe. Tí o bá ṣe tán, wá gbé mi. Èmi ni màá kọ́kọ́ gùn ún, kì í ṣe ẹlòmíràn."

Ayọ̀níkẹ́ ní ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù wá mú òun. Ó mọ ọkọ rẹ̀: bí wọ́n bá ní kó gbé òkúta nìkan, ì bá gbé e. Ṣùgbọ́n kó tún gbé Ìyá Roseline gba ọ̀nà yẹn?

Láti ìgbà náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ni olóògbé fi ń tọ́jú ẹ̀rọ yìí. Ó yọ táńkì onírin tó ń pẹtà, ó fi oníke sí i. Ó pààrọ̀ gbogbo ọ̀nà epo àti asẹ́, ó fọ kàbúrétọ̀ títí ihò inú rẹ̀ fi ń dán, ó fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i. Bẹ́líìtì rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti jẹ. Ó wá èyí tó dára láti Sweden. Ó fi iná tó mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ síwájú rẹ̀, ó fi wáyà tó ń gbóná sínú ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Ó so okùn kan mọ́ ọn tí awakọ̀ á so mọ́ ọrùn ọwọ́, pé bí ó bá ṣubú, kí ẹ̀rọ dúró. Ó kan ilé kékeré lé orí ọmọlanke kí afẹ́fẹ́ má bàa dé ara ẹni tó wà nínú rẹ̀, ó sì fi ìbọ̀wọ́ méjì àti rédíò ìpè sínú àpótí abẹ́ ìjókòó. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló kọ sára páálí, ó sì ń fi kálámù fa ìlà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́ta.

Síbẹ̀ kò lè mọ̀ dájú. Ẹ̀rọ yìí kì í rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Yìnyín ló ń mú abẹ́ rẹ̀ tutù. Òjò lásán ló sì ń rọ̀ ní Hamburg. A kàn máa ń gbé ìdí rẹ̀ sókè ni, kó tàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sì tẹ́tí sí i bí dókítà. Ó máa ń lálàá pé ó tún kú.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kọkànlá, ó ṣubú lulẹ̀ ní Werkstatt. Ọkàn rẹ̀ ni. Àwọn dókítà ní ọ̀kan lára ìlẹ̀kùn ọkàn náà kò tì dáadáa mọ́, iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà, wọ́n sì fi ọjọ́ sí oṣù Kejì. Tìmílẹ́yìn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Berlin, wọ ọkọ̀ ojú irin wá lọ́jọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì.

"Papa, bitte nicht," ló ń wí ṣáá. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má gun òkè náà.

"Bàbá Tìmí," Ayọ̀níkẹ́ náà wí, "ẹ jẹ́ kí Lukas wà á. Ẹ ti tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́."

"Tó bá tún kú ńkọ́?" ó dáhùn. "Lukas ò mọ inú rẹ̀. Ayọ̀, ẹ̀rù ń bà mí ju bó ṣe ń bà ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó sílé kí n máa retí fóònù."

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún yìí, yìnyín kún òkè Harz. Olóògbé kọ́kọ́ di àpò iyanrìn sínú ọmọlanke, ó fi gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, nígbà mẹ́rin. Lẹ́yìn èyí ló tó na ọwọ́ sí Ìyá Roseline. Ìyá náà ń gbọ̀n. Gbogbo wa rí i. Ó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn ilé kékeré náà mọ́ ara rẹ̀.

Ayọ̀níkẹ́ dúró nísàlẹ̀, ó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì títí igi fi gbé e mì. Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ní òun kò mọ èyí tí òun yóò kọ́kọ́ gbàdúrà fún, ẹ̀rọ tàbí ọkàn ọkọ òun.

Lókè, ní ibi tí yìnyín ti jìn jù, ìró ẹ́ńjìnnì lọ sílẹ̀. Olóògbé sọ fún wa pé ojú òun ṣú. Ìyá Roseline gbá ògiri ọmọlanke.

"Joel! Kí ló dé?"

"Ó jìn ni, Ìyá! Ẹ dì í mú!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà sunkún, ó wà yìnyín, ó sì já gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà. Bàbá pa á, kò sì lè sọ̀kalẹ̀.

Ìyá Roseline yọjú. "Wá ṣílẹ̀kùn fún mi kíákíá," ó wí. "Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Nígbà tí a ṣínu ààwẹ̀, Ìyá Roseline ló bu oúnjẹ rẹ̀ fún un, ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tí wọ́n gé lórí ìka gbé abọ́ náà síwájú rẹ̀, ó ní, "Jẹun, Joel. Ó ti parí láàárín àwa méjèèjì."

Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì, wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ. "Ẹ̀rù ń bà mí, Ayọ̀," ló wí. "Di ọwọ́ mi mú títí dé ẹnu ìlẹ̀kùn." Ó dì í mú. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí, ṣùgbọ́n ọkàn náà ti rẹ̀ jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 2025, olóògbé mí èémí ìkẹyìn ní Hamburg, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Ó fi ìyàwó sáyé lọ, Arábìnrin Ayọ̀níkẹ́ Ọláṣùpọ̀. Àwọn ọmọ, Tìmílẹ́yìn, Akínpẹ̀lúmi àti Ìníolúwa. Àwọn ọmọ-ọmọ, Dérìnsọ́lá àti Ẹ̀bùnọlá. Àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Bukky, ní Àkúrẹ́.

Bàbá wa, ilé tí a máa padà sí nírọ̀lẹ́ òní ń bà wá lẹ́rù, nítorí a kò tíì mọ bí a ṣe ń gbé inú rẹ̀ láìsí yín. Ṣùgbọ́n ẹ ti fi hàn wá pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè máa rìn lọ síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tútù yìí dẹ̀ fún yín. Kí Olúwa gbà yín sọ́wọ́ọ̀tún rẹ̀. Ẹ sùn ire, ẹ sùn fọnfọn.